Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ilé ìfọṣọ, ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìdáwà. Ṣé orúnkún yín gbà kí ẹ máa gun àtẹ̀gùn? Ṣé ẹ̀ ń jẹun bó ṣe yẹ, àbí ẹ ṣì ń pín oúnjẹ ọjọ́ kan sí ọjọ́ méjì? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni.

Ẹ má bínú pé ìwé ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó ti tó Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tí mo ti ń pe fóònù yín. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ló ń gbé e. Á ní bàbá ní kí òun kí mi, bàbá ní àwọn wà dáadáa, bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi yín bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ ní, "Àmín, ọmọ mi, Àmín," ẹ sì dá fóònù padà fún un.

Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn nígbà tí mò ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́fà. Nígbà tí mo wà nílé náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ máa ń tẹjú mọ́ ẹnu mi bí ẹni pé irọ́ ni mò ń pa. Mo rò pé bí mo bá jìnnà díẹ̀, ìbínú yẹn á rọlẹ̀.

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò ní fèrèsé. Ooru omi gbígbóná ló ń bò ó láti àárọ̀. Aṣọ ibùsùn funfun á máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, èmi àti ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ á di etí aṣọ mú, a ó rìn pàdé ara wa, a ó ṣẹ́ ẹ po, a ó padà sẹ́yìn, a ó tún rìn pàdé. Tó bá di ọ̀sán, mi ò kì í mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni mò ń ṣe tàbí àlá ni mò ń lá. Ẹ̀yin ni mo máa ń rò nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn, ì báà ṣe ìlà kan.

Ọmọ yín.


Yàrá òkè, ilé aránṣọ
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì

Ìyá mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O kú iṣẹ́, o kú ooru. Orúnkún mi ń ṣe bí orúnkún àgbà, oúnjẹ sì ń wọlé.

Ta ló sọ fún ọ pé mò ń bínú? Mi ò gbọ́ ọ ni. Mi ò gbọ́ ọ lórí fóònù, mi ò sì gbọ́ ọ dáadáa nígbà tí o wà nílé. Ètè rẹ ni mò ń kà nígbà yẹn, òun ni mo fi ń tẹjú mọ́ ọ lẹ́nu. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀, ó sì bá mi pa á mọ́ títí tó fi lọ sinmi. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Mo rò pé kí ọmọ máa pe bàbá rẹ̀ ní òǹrorò sàn ju kó máa pè é ní adití lọ.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo lò nídìí àgbá, ìbọn ńlá tí èèyàn mẹ́fà ń ṣe àkóso rẹ̀. Èmi ni mò ń ki ọta sí i nídìí. Bó bá ti dún, ilẹ̀ á mì, eyín á mì, gbogbo ayé á wá dákẹ́ rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kí n má parọ́ fún ọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó lọ. Nígbà tó tún yá, kò lọ mọ́. Ìró tín-ín-rín kan ló kù nínú rẹ̀, kì í sinmi, kì í mí.

Inú oorun ọ̀sán nìkan ni mo ti ń gbọ́ràn. Mo máa ń jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ̀rọ aránṣọ á máa gbọ̀n mí láti àtẹ́lẹsẹ̀, ibẹ̀ ni oorun á ti gbé mi lọ. A ó wà lórí pápá kan, koríko á ga, ẹyẹ á ti kọ́lé sẹ́nu àgbá wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, n ó sì máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni: ẹni tó jí ọṣẹ ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé sí. Bí mo bá jí, n ó ṣì dijú fún ìgbà díẹ̀ bóyá wọ́n á tún sọ̀kan sí i.

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Dókítà etí ní ẹ̀rọ wà tí wọ́n lè fi sí mi létí, pé ó ṣì kù díẹ̀ tó lè gbọ́. Ó ní kí n má pẹ́, torí bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ láìdé ọpọlọ, ọpọlọ á gbàgbé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún, ẹ̀rọ ò sì ní wúlò mọ́. Ọ́fíìsì náà ló ń fún sójà tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú owó ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ mí. Wọ́n ní fáìlì mi sọ pé etí mi pé ṣánṣán ní gbogbo ọdún tí mo lò, torí náà ilé ni etí mi ti bàjẹ́. Wọ́n gbà kí n pe ẹjọ́ lé e lórí títí di ìparí oṣù Keje. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ti fáìlì pa.

Má ronú jù. Máa jẹun.

Bàbá rẹ.


Ilé ìfọṣọ
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Yàrá ìsinmi wa ni mo ti ka ìwé yín, aṣọ ìnura ni mo fi bojú kí àwọn tó kù má baà rí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbé ẹ̀bi kan kiri tí kò sí níbì kankan. Ẹ forí jì mí.

Ẹ fi orúkọ ẹ̀rọ tí dókítà sọ ránṣẹ́ sí mi, kí n rà á níbí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fáìlì yẹn ò yé mi. Nítorí ariwo ẹ̀rọ, wọ́n ń yẹ etí tiwa náà wò lọ́dọọdún. Wọ́n á mú èèyàn wọ yàrá kékeré kan, wọ́n á fi nǹkan bò ó létí, ìró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ á máa wọlé, èèyàn á máa na ìka sókè bó bá ti gbọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ìyẹn parọ́. Ọdún mẹ́tàlá nídìí àgbá, kí etí sì pé ṣánṣán? Fáìlì ẹlòmíràn ni wọ́n gbé síwájú yín. Mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé ọ́fíìsì náà. Mo sọ fún un láìfi bò pé ó pààrọ̀ fáìlì bàbá mi, àti pé bí kò bá wá a jáde, ọ̀rọ̀ náà á dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣeré.

Ọmọ yín.


Yàrá òkè
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ìyá mi,

O kú ìgbóná ọkàn. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì nítorí ìwé rẹ. Akọ̀wé náà, ọkùnrin kan tó máa ń wọ súẹ́tà nínú oòrùn, tẹ́ ìwé náà síwájú mi. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé fìlà mi sórí tábìlì rẹ̀. Jọ̀wọ́, kọ òmíràn kí o fi tọrọ àforíjì. Kò pààrọ̀ fáìlì kankan. Èmi ni mo parọ́.

O ní kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ìyẹn parọ́. Ọmọ dáadáa ni ọ́, o ò gbé bárékè rí. Méjì méjì ni wọ́n ń yẹ etí wa wò, ẹ̀rọ kan náà ló ń ránṣẹ́ sí etí àwa méjèèjì. Wọ́n fi pákó kan dábùú àárín wa kí ẹnikẹ́ni má baà wo ìka ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n pákó náà ò kan ilẹ̀. Wọ́n sì máa ń ní ká bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó má baà pariwo. Ìyẹn ni wọn ò rò dé.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nídìí àgbá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ là ń pè é, torí ó tín-ín-rín débi pé ọ̀gá wa máa ń ní kó yípo kí òun lè rí i. Nígbà tí mo rí i pé etí mi ń lọ, òun ni mo sọ fún. A dá ọgbọ́n kan. Bó bá gbọ́ ìró, á na ìka fún olùyẹ̀wò, á sì gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè fún mi lábẹ́ pákó. N ó na ìka tèmi. Ọdún méje la fi ṣe é. Mo mọ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀ lọ.

Ẹni tí etí rẹ̀ bá kùnà, ilé ìdáná ni wọ́n ń gbé e lọ, á sì pàdánù owó tí àwọn onídìí àgbá ń gbà lé e. Owó yẹn lo fi kàwé. Ṣùgbọ́n kí n má fi ọ́ bojú: mi ò fẹ́ fi àwọn ẹgbẹ́ mi sílẹ̀ ni.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń gbé ní ìlú kejì báyìí, ó ń tún aago ṣe. O mọ irú etí tó gbọ́dọ̀ ní fún iṣẹ́ yẹn. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún ọ́fíìsì, wọ́n á béèrè ẹni tó bá mi ṣe é, wọ́n sì lè fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Má ra ẹ̀rọ kankan. Ẹnu iṣẹ́ wọn ni etí mi ti lọ. Bí ọmọ mi bá rà á, á dà bí ẹni pé ilé ni mo ti sọ ọ́ nù lóòótọ́.

Bàbá rẹ.


Ilé ìfọṣọ
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrìn ọ́fíìsì. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ bá mi kí i bí ẹ bá lọ gba fìlà.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo rí yín nínú yàrá yẹn láìwọ bàtà, tí ẹ ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkejì yín bí ẹni ń ṣọ́ ẹja lábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Ẹ lọ sọ òtítọ́ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Dókítà ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá pẹ́. Ẹ fẹ́ kí n wálé lọ́jọ́ kan kí n máa fọwọ́ júwe fún yín?

Ẹ ní nítorí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo rò pé ojú ló ń tì yín. Inú yín dùn pé ibì kan wà láyé yìí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé etí yín pé, ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́.

Ọmọ yín.


Yàrá òkè
Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo gba ìwé rẹ. Mo wà.

Ẹni tó yá mi ní etí nígbà tí mi ò ní, mi ò ní fa orúkọ rẹ̀ lé akọ̀wé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ti fáìlì, kí wọ́n tì í.

Lánàá, lójú oorun, mo wà lórí pápá wa. Òjò ń kù bọ̀ lókèèrè, mo sì gbọ́ bó ṣe ń ti orí koríko kan bọ́ sí òmíràn títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ẹni tó béèrè fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Jẹ́ kí n máa gbọ́ràn níbi tí mo ti ń gbọ́ ọ.

Kí o má sọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi mọ́.

Bàbá rẹ.


Ilé ìfọṣọ
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ tí mo bá lè dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀ tí ìyẹn bá tó. Ẹ ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí yín mọ́, mi ò sì sọ ọ́ sí yín. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo sọ ọ́ sí.

Aránṣọ ló bá mi wá àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ má fìyà jẹ ẹ́, èmi ni mo fi ẹ̀bẹ̀ dà á láàmú. Mi ò ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá jẹ́rìí. Mo kàn sọ fún un pé ẹ ò gbọ́ràn mọ́, pé oṣù méjì ló kù, àti pé ẹ kọ̀ jálẹ̀ láti dárúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú lórí ìwé kí n lè rí i kà.

Ọmọ yín.


Ilé ìfọṣọ
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta kan. Mi ò rí ìwé yín. Mi ò rí ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà. Mo pe aránṣọ, ó ní ẹ̀ ń jáde, ẹ̀ ń wọlé, ẹ ò bá òun sọ̀rọ̀.

Lónìí, aṣọ pọ̀ débi pé ooru bo iná òkè. Mi ò rí ojú ẹnìkejì mi mọ́, aṣọ funfun nìkan ni mo rí tó ń bọ̀ wá bá mi. Ó dà bíi pé bí mo bá di etí aṣọ náà mú tí mo rìn síwájú, ẹ̀yin ni n ó bá ní òdìkejì. Mo ń rìn, mo ń rìn. Alábàáṣiṣẹ́ mi ló gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ mu omi.

Mo sọ̀rọ̀ jù sí yín. Bí ẹ ò bá tilẹ̀ ní lọ sí ọ́fíìsì, ẹ kọ̀wé sí mi. Mo lè gbé pẹ̀lú bàbá tí kò gbọ́ràn. Mi ò lè gbé pẹ̀lú bàbá tí kò fẹ́ gbọ́ mi.

Ọmọ yín.


Yàrá òkè
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje

Ìyá mi,

O kú àìsinmi. Mo bínú sí ọ lóòótọ́. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ó sì rẹ̀ mí. Fi sùúrù ka èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ń sùn lórí àga nígbà tí ilẹ̀ ṣíwọ́ gbígbọ̀n. Ìyẹn ló jí mi, torí aránṣọ kì í dá ẹ̀rọ dúró lọ́sàn-án. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ti hewú, ó sì tín-ín-rín síbẹ̀. Mo rò pé àlá náà ló tẹ̀ lé mi sọ̀ kalẹ̀. Àfìgbà tó gbá mi mọ́ra, tí egungun rẹ̀ gún mi, ni mo tó mọ̀ pé mo ti jí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ nítorí ìwé tí o kọ. Ó ń fèsì, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ ò bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Mo pariwo, òun náà pariwo. Aránṣọ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé èmi ń sọ ti owó ìfẹ̀yìntì, òun ń sọ ti mọ́tò tó gbé e wá, àwọn oníbàárà sì ti ń kó jọ. Ló bá fún wa ní ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, ó tọ́ka sí tábìlì ìgéṣọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo kọ ọ́ pé láti ìgbà wo. Ó kọ ọ́ pé ṣáájú mi. Ojú wíńdò yàrá yẹn ló ń wò. Olùyẹ̀wò jókòó sẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ ń hàn nínú gíláàsì wíńdò náà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ń rí i bó bá ti tẹ bọ́tìnnì. Bó bá tẹ̀ ẹ́, á na ìka. Nígbà tí mo wá bá a pé kó yá mi ní etí, ojú tì í láti sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ adití ni mo wá yá a. Ló bá ń gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè. Ọdún méje, ìyá mi. Mo bi í pé báwo ló ṣe wá ń tún aago ṣe. Ó yọ ọ̀kan lápò, ó fi eyín dì í mú, ó ní eyín òun ló ń bá òun gbọ́ bó ṣe ń lù.

A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sunkún, torí mo rántí gbogbo ìgbà tí mo fi ń jowú etí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí ọ́fíìsì. Òun ló ní ká lọ. Ó ní òun ò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn rí, nítorí ìtìjú kan náà. A jókòó síwájú akọ̀wé onísúẹ́tà, a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àti wíńdò, àti bàtà, àti àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó kà á, ó sì kọ ọ́ sórí pépà fún wa pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyí, kí ni ẹ̀rí?

A ò ní ẹ̀rí. Àwa ti dìde tán kó tó fọwọ́ dá wa dúró. Ó lọ sẹ́yìn, ó gbé fáìlì àwa méjèèjì wá, ó ṣí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó fi rúlà tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kìn-ín-ní, ìró mẹ́ta péré ni mi ò gbọ́, èyí tí wọn ò kà sí àbùkù. Ìró mẹ́ta kan náà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò gbọ́. Ọdún kejì, bákan náà. Ibi tí olùyẹ̀wò bá ti yí ìjókòó padà, tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú gíláàsì, ibẹ̀ ni àwa méjèèjì ti jọ kùnà. Ọdún méje, kò sí ibì kan tí a ti yàtọ̀. Akọ̀wé náà bọ́ súẹ́tà rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ fún wa pé kò sí etí èèyàn méjì tó lè jọra tó èyí. Ó lẹ àwọn ìwé náà pọ̀, ó sì gba ẹjọ́ wa wọlé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá sí ìparí oṣù.

Ó ní kí n sọ fún ọ pé o mọ ìwé kọ.

O sọ pé ojú ló ń tì mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ẹni méjì ló ń tì.

Bàbá rẹ.


Yàrá òkè
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án

Ìyá mi,

Wọ́n ti dájọ́. Wọ́n bá wa wí nínú ìwé gígùn kan nítorí ẹ̀tàn, wọ́n sì fi wá sí ìpele owó ìtọ́jú tó kéré sí èyí tí a béèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, èmi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, pé ẹnu iṣẹ́ ni etí wa ti lọ. Mo ka gbólóhùn yẹn títí tí pépà fi rọ̀ lọ́wọ́ mi.

Lánàá ni dókítà fi ẹ̀rọ sí mi létí. Mi ò mọ̀ pé pépà máa ń sọ̀rọ̀ báyìí bí èèyàn bá ṣẹ́ ẹ po. Mi ò mọ̀ pé bàtà mi ń ké. Aránṣọ ń kọrin bó ṣe ń ránṣọ, kò sì mọ̀ ọ́n kọ, mo sì ti ń gbé lókè rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ láìmọ̀ bí mo ṣe ń jèrè tó.

Pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Èmi fúnra mi ni n ó gbé e.

Bàbá rẹ.


Ilé ìfọṣọ
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú oríire. Ẹ bá mi kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Mo pè yín lọ́jọ́ Àìkú bí ẹ ṣe wí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tún ọ̀rọ̀ tí n ó kọ́kọ́ sọ ṣe. Ẹ gbé e lóòótọ́. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ káàárọ̀." Ẹ ní, "Ẹ káàárọ̀, màdáámù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọ mi." Mo rò pé ẹ̀ ń ṣàwàdà. Mo ní èmi ni. Ẹ dákẹ́. Mo tún sọ pé èmi ni, bàbá mi, èmi ọmọ yín. Mo gbọ́ tí ẹ gbé fóònù kalẹ̀, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín tó ń lọ.

Ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni? Àbí kí ni mo ṣe? Mo ti pè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn, aránṣọ ní ẹ ò tíì ṣe tán.

Ọmọ yín.


Yàrá òkè
Ogúnjọ́, oṣù Kẹwàá

Ìyá mi,

Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, o ò sì ṣẹ̀ mí. Dárí jì mí nítorí ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ dáadáa kẹ́yìn. O ń kàwé fún ìyá rẹ nínú yàrá, o ń ṣi ọ̀rọ̀ kan kà léraléra, o sì ń bá ìwé náà jà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ètè rẹ ni mò ń wò. O dàgbà lójú mi, o ga jù mí lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tí mo fi sí ọ lẹ́nu ò dàgbà, torí mi ò ní òmíràn. Gbogbo ìwé tí o kọ sí mi lọ́dún yìí, ohùn yẹn ni mo fi kà á. Nígbà tí o kọ ọ́ pé ojú ló ń tì mí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló bá mi wí. Òun ló fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, obìnrin kan kí mi. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó balẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀. Mo ń wá ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó ní òun ni, mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì rí lára mi bí ẹni pé wọ́n túfọ̀ ọmọ kékeré kan fún mi, pé ó ti lọ láti ọdún mẹ́tàlélógún, mi ò sì dágbére fún un. Mo lọ dúró sí ìdí fèrèsé. Mo sunkún fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti ṣe tán.

Nítorí náà, má kọ ìwé sí mi mọ́. Bí o bá kọ ọ́, ọmọ yẹn ni yóò tún kà á fún mi, mi ò sì ní mọ ẹni tó kọ ọ́. Pè mí. Bí mo bá dákẹ́, má rò pé mo ti lọ. Ohùn rẹ ni mò ń kọ́. Sọ ohunkóhun tó bá wá sí ọ lẹ́nu, kí o sì pẹ́ níbẹ̀.

Bàbá rẹ.